Gásíkẹ́ẹ̀tì Kọ́ Ló Jẹ̀bi

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ọmọ iṣẹ́ ọkọ̀ àti àwọn onímọ́tò sọ ní Òṣogbo nípa gásíkẹ́ẹ̀tì mánífóòdù ọkọ̀ tọ́bò nìyí. Mo tún un kọ nítorí àwọn tí kò ráyè wá. Mo yọ àwàdà tó pọ̀ jù kúrò, mo fi díẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́, ẹ kú iṣẹ́. Mo rí i pé àwọn kan ti gbé àga tẹ̀lé ìbòòji. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún mọ́ ibí, nítorí ohun tí mo mú wá kò tóbi. Gásíkẹ́ẹ̀tì mánífóòdù nìyí. Òun ló ń dí àárín tọ́ọ̀pù, ìyẹn orí ẹ́ńjìnì, àti mánífóòdù, irin tó ń kó èéfín jọ láti inú àwọn sìlíńdà, kí èéfín má bàa jò. Irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n tò léra wọn ni, ó ní ihò ńlá mẹ́rin, àwọn ihò kéékèèké sì yí wọn ká. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ihò kẹrin yìí, bó ṣe dú bí ìdí ìkòkò ọlọ́kà. Ibẹ̀ ni iná ń gbà jáde. Ọ̀gbẹ́ni kan láti Òkè-Fíà ló gbé ọkọ̀ tí mo ti yọ ọ́ wá, Passat 1.8T tó ti pẹ́ lọ́jọ́. Ó ní kí n bá òun pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì mánífóòdù. Mo ní, "Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ti pààrọ̀ ẹ̀?" Ó ní èyí ni yóò ṣe ẹ̀ẹ̀kẹta láàárín ọdún kan.

Bí ọkùnrin kan bá fẹ́ ìyàwó mẹ́ta láàárín ọdún kan, tí gbogbo wọn kó ẹrù jáde, ṣé àwọn ìyàwó la ó máa bá wí? Gbogbo ohun tí mo wá sọ lónìí kò ju èyí lọ: gásíkẹ́ẹ̀tì mánífóòdù kì í ṣàdédé jó. Nǹkan ló ń pa á. Bí ẹ bá ju òkú rẹ̀ nù láìwá ohun tó pa á, ẹ ó tún padà wá sin òmíràn.

Ẹ̀yin tí ẹ kọ́ṣẹ́ lórí Peugeot 504 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná ní ọdún 1975, ẹ ó ní kí ló le nínú gásíkẹ́ẹ̀tì sàlẹ́ńsà. Lóòótọ́, lórí 504 kò le. Èéfín jáde kúrò nínú ẹ́ńjìnì, ó gba mánífóòdù kọjá, ó gba páípù lọ sẹ́yìn, ó bá tirẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tọ́bò kì í jẹ́ kí èéfín lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ń gba owó ibodè lọ́wọ́ rẹ̀. Bí èéfín bá ti ń jáde nínú mánífóòdù ló ń bá fáànù kékeré kan pàdé, ó ń yí i. Ọ̀pá kan so fáànù yìí mọ́ èkejì, èkejì yẹn ló ń rọ́ afẹ́fẹ́ wọ inú ẹ́ńjìnì. Ará Switzerland kan tó ń jẹ́ Alfred Büchi ló gba ìwé àṣẹ ọgbọ́n yìí ní ọdún 1905, kó tó di pé Saab gbé 99 Turbo jáde fún ọjà ní ọdún 1978, tí àwọn Volvo, Audi àti Volkswagen náà sì ń tẹ̀lé wọn. Fáànù yẹn lè yí ju ìgbà 100,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí mo máa padà sórí rẹ̀ nígbà tí mo bá dé orí ọ̀rọ̀ góòmù tí àwọn kan ń fi lẹ gásíkẹ́ẹ̀tì.

Nítorí pé fáànù dí èéfín lọ́nà, agbára tí èéfín fi ń tì nínú mánífóòdù ọkọ̀ tọ́bò ju ti ọkọ̀ lásán lọ. Ihò tí kò tó ojú abẹ́rẹ́ ti tó fún un láti sá jáde. Èyí tó bá sá jáde kò ní yí fáànù. Ìyẹn ni ọkọ̀ yín ṣe ń rọra gun òkè ọ̀nà Iléṣà bí ẹni tó gbé àpò ìrẹsì lórí, tí tọ́bò kò sì jí àfìgbà tí ẹ ti dé orí òkè tán.

Ooru rẹ̀ wá ńkọ́? Èéfín tó ń jáde lẹ́nu fáàfù ọkọ̀ tọ́bò tó ń jẹ pẹtiróòlù lè gbóná tó dígírì 900 bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Dígírì 660 ni áluminíọ̀mù ń yọ́. Áluminíọ̀mù sì ni tọ́ọ̀pù èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí. Omi tó ń yí ká inú rẹ̀ nìkan ni kò jẹ́ kó yọ́ bí ìkòkò tí wọ́n gbàgbé sórí iná. Ṣùgbọ́n mánífóòdù kò ní omi. Kásìtì ni, irin tí wọ́n yọ́ dà, òun nìkan ló ń gba gbogbo ìyà náà. Bí ẹ bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì lóru lẹ́yìn tí ẹ ti gun òkè, ẹ lè rí i tó pọ́n bí ẹ̀yinná.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀. Ẹ má bẹ̀rù, kò le. Mánífóòdù ẹ́ńjìnì oní-sìlíńdà mẹ́rin gùn tó nǹkan bí 40 sẹ̀ǹtímítà. Kásìtì máa ń gùn sí i bí ó bá gbóná: fún dígírì kọ̀ọ̀kan, ó ń fi nǹkan bí ìdá 11 nínú mílíọ̀nù kan gùn sí i. Bí ó bá fi dígírì 600 gbóná ju bó ṣe wà láàárọ̀ lọ, yóò ti fi mílímítà méjì ààbọ̀ àti díẹ̀ gùn sí i. Tọ́ọ̀pù ńkọ́? Áluminíọ̀mù ń gùn ní ìlọ́po méjì kásìtì, nǹkan bí ìdá 23 nínú mílíọ̀nù kan, ṣùgbọ́n omi kò jẹ́ kó fi ju nǹkan bí dígírì 80 gbóná sí i. Nítorí náà, tirẹ̀ kò pé mílímítà kan. Àwọn méjèèjì so mọ́ra wọn, ọ̀kan sì fi bíi mílímítà méjì gùn ju èkejì lọ. Àárín ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, nítorí náà ìdajì lọ sápá ọ̀tún, ìdajì lọ sápá òsì. Bí ẹ bá ń tan ọkọ̀ láàárọ̀ tí ẹ ń pa á lálẹ́, mánífóòdù ń rìn lórí gásíkẹ́ẹ̀tì ní mílímítà kan ní ìparí kọ̀ọ̀kan, ó ń lọ, ó ń bọ̀, lójoojúmọ́, fún ogún ọdún.

Ó ti wá yé yín ìdí tí sítọ́ọ̀dù, ọ̀pá irin tí a ń fún nọ́ọ̀tì mọ́, tó wà ní ìparí fi máa ń kọ́kọ́ kán. Ó tún yé yín ìdí tí àwọn tó ṣe ọkọ̀ fi jẹ́ kí ihò mánífóòdù fẹ̀ ju sítọ́ọ̀dù lọ. Àyè ìrìn ni. Ẹni tó bá fún nọ́ọ̀tì títí tí ojú rẹ̀ fi pọ́n, pé kó má bàa jò, kò jẹ́ kí mánífóòdù rìn. Bí kò bá sì rí ọ̀nà rìn, yóò wọ́, tàbí kó là, tàbí kó já sítọ́ọ̀dù. Èyí tó burú jù ni pé kásìtì tó ti gbóná, tí wọ́n dì mú tí kò lè gùn tó bó ṣe fẹ́, yóò kúrú díẹ̀ nígbà tó bá tutù. Kò ní padà sí bó ṣe wà. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ titun wọ́, ṣùgbọ́n èyí tó ń wọ́ níbí, irin ni, a sì ń wò ó.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti ń jò? Ẹ tan ọkọ̀ láàárọ̀ kùtù, nígbà tó ṣì tutù. Ẹ ó gbọ́ tá-tá-tá-tá, ó ń yá bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú bíi mẹ́wàá, ó dákẹ́. Onímọ́tò ní, "Ó ti tán." Kò tán o, irin ló wú, ó dí ihò. Àwọn mẹkáníìkì kan ń gbọ́ ariwo yẹn, wọ́n á ní tápẹ́ẹ̀tì, ohun tó ń ti fáàfù, ni, wọ́n á tú ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ wò, wọ́n á gba owó tápẹ́ẹ̀tì. Ẹ yọ wáyà kọ́ìlì sìlíńdà kan fún ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀, kí ẹ dá a padà, kí ẹ yọ èkejì. Bí ariwo bá yí padà nígbà tí ẹ yọ ti sìlíńdà kẹrin, ọ̀dọ̀ kẹrin ló ti ń jò. Tápẹ́ẹ̀tì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́, torí pẹtiróòlù tí kò jó yóò lọ ba kátálíìsì, ohun tó ń fọ èéfín mọ́ nínú páípù sàlẹ́ńsà, jẹ́. Bí ẹ bá ń ṣiyèméjì, ẹ dúró kó tutù pátápátá, kí ẹ fi ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sẹ́nu sàlẹ́ńsà, kí ẹ da omi ọṣẹ sára mánífóòdù. Ibi tó bá ti ń hó, ibẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà, ẹ wo dúdú. Èéfín nìwà, wọ́n ní. Ibi tó bá gbà kọjá, á fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí òórùn. Tíṣà kan ń gbé ọmọ mẹ́ta lọ sílé ìwé láràárọ̀ láti apá Ìlobùú. Ó ní orí ń fọ́ òun bí òun bá ti ń bọ̀, ọmọ tó kéré jù máa ń bì. Wọ́n ti lo oògùn ibà lẹ́ẹ̀mejì. Gíláàsì ọkọ̀ ni wọ́n máa ń tì nítorí eruku, tí wọ́n á tan fáànù. Ibi tí fáànù sì ti ń fa afẹ́fẹ́ wà lábẹ́ gíláàsì iwájú, lẹ́yìn ẹ́ńjìnì gan-an. Kábọ́ọ̀nù mọnọ́ksáìdì ni wọ́n ń mí sínú. Kò ní òórùn tirẹ̀, kò ní àwọ̀; àwọn ohun mìíràn tó wà nínú èéfín lẹ ń gbọ́ òórùn wọn. Ẹ̀jẹ̀ ènìyàn ń dì í mú ní ìlọ́po tó ju 200 lọ ju bó ṣe ń di ọ́síjìn mú lọ. Nítorí náà, ẹ̀yin onímọ́tò, bí ẹ bá ń gbọ́ òórùn èéfín nínú ọkọ̀, ẹ ṣí gíláàsì sílẹ̀, kí ẹ sì wá mẹkáníìkì lọ́jọ́ yẹn gan-an.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká tú u.

Ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà láti tú u láìsunkún: ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tó ṣáájú. Lálẹ́, nígbà tí ẹ́ńjìnì ṣì lọ́wọ́ọ́wọ́, ẹ fín epo tó ń tú ìpáta sídìí gbogbo nọ́ọ̀tì. Ẹ tún fín in kí ẹ tó sùn. Láàárọ̀, ẹ tún fín in lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ yọ orí bátìrì, apá nẹ́gétíìfù. Bí tọ́bò yín bá jẹ́ èyí tó ń lo omi, ẹ kọ́kọ́ da omi rádíétọ̀ jáde nígbà tó ti tutù. Ẹ mú fóònù, ẹ ya fọ́tò gbogbo páípù bí ẹ ṣe bá a. Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́, fóònù yín ń ya ẹ̀yin àti ọ̀rẹ́ yín ní gbogbo ìgbà, ẹ jẹ́ kó ya hóòsì náà. Ẹ mú páálí, ẹ ya àwòrán mánífóòdù sí i, ẹ gun un níhò, kí ẹ máa ki bóòtì kọ̀ọ̀kan bọ ihò tirẹ̀.

Páálí tí wọ́n dá lu yìí, ọ̀gá mi ló kọ́ mi. Mo fojú tín-ín-rín rẹ̀ nígbà náà.

Páípù afẹ́fẹ́, awo irin tó ń bo ooru, páípù ọ́ìlì tó wọ orí tọ́bò, èyí tó ń gbé ọ́ìlì sọ̀kalẹ̀, páípù omi, páípù sàlẹ́ńsà, apá irin tó gbé tọ́bò dúró láti ìsàlẹ̀: gbogbo wọn yóò kúrò kí nọ́ọ̀tì mánífóòdù tó kàn. Bí ẹ bá ti yọ páípù kan, ẹ fi àkísà mímọ́ dí ẹnu rẹ̀. Nọ́ọ̀tì tó bá bọ́ sínú tọ́bò ti sọ iṣẹ́ gásíkẹ́ẹ̀tì di iṣẹ́ tọ́bò.

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ mú sọ́kẹ́ẹ̀tì oníga mẹ́fà, kì í ṣe oníga méjìlá; oníga méjìlá yóò jẹ orí nọ́ọ̀tì tó ti dípáta. Ẹ yí i díẹ̀ sẹ́yìn, ẹ dá a padà díẹ̀ síwájú, ẹ tún yí i sẹ́yìn. Bí ẹ bá gbọ́ tó ń ké kín-ín-kín-ín, ẹ dúró, ẹ fún un ní epo. Èyí tó bá kọ̀ jálẹ̀, ẹ pe wẹ́dà kó fi iná gáàsì gbá orí nọ́ọ̀tì náà títí yóò fi pọ́n, nọ́ọ̀tì yóò wú, á tú ara rẹ̀ kúrò lára sítọ́ọ̀dù. Ẹ kọ́kọ́ bo páípù pẹtiróòlù, kí bọ́kẹ́ẹ̀tì yanrìn wà nítòsí. Mo ti rí ọkọ̀ tó jóná nítorí wọ́n fẹ́ tú nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo.

Ní orí ọkọ̀ ọ̀gbẹ́ni Òkè-Fíà, nọ́ọ̀tì méje ló bá mi jà. Ìkẹjọ, ti ìparí lẹ́gbẹ̀ẹ́ sìlíńdà kẹrin, mo kàn fọwọ́ kàn án ni, ó bọ́ sí mi lọ́wọ́. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo yẹ̀ ẹ́ wò. Góòmù ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ mánífóòdù. Sítọ́ọ̀dù ti kán sínú tọ́ọ̀pù látọjọ́ pípẹ́. Ẹni tó kán an wá ra nọ́ọ̀tì, ó fi góòmù lẹ̀ ẹ́ sójú ihò kí ọlọ́kọ̀ lè máa wò ó. Ẹni tó ṣe é ní ẹ̀ẹ̀kejì rí i, ó sì tún un lẹ̀. Apànìyàn náà nìyẹn. Gásíkẹ́ẹ̀tì méjì ló ti pa.

Sítọ́ọ̀dù tó kán kì í ṣe òpin ayé. Bí ó bá ṣì yọrí díẹ̀, kí wẹ́dà gbé nọ́ọ̀tì lé e, kó jó o pọ̀ láti inú. Ooru ìjópọ̀ yẹn gan-an yóò tún ràn yín lọ́wọ́ láti tú u. Bí ó bá ti kán wọ inú, ẹ lu àárín rẹ̀ gan-an, kí ẹ fi dírílì rọra gbẹ́ ẹ. Bí ẹ bá rí ẹnu dírílì tó ń yí sápá òsì, òun náà lè tú u jáde bó ṣe ń gbẹ́. Ẹ ṣọ́ra fún irin ìfàjáde tó le bí díńgì. Bí ó bá kán sínú ihò, dírílì kò ní wọ̀ ọ́ mọ́. Ihò tí wọ́n bá ti bàjẹ́, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe lẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n gbẹ́ ẹ, kí wọ́n sì fi okùn irin titun sí i. A kò ṣàìrí ẹni tó mọ̀ ọ́n ní Òṣogbo. Ìlú tí wọ́n dá Nigeria Machine Tools sílẹ̀ sí ní 1980, tí wọ́n kọ́ ilé iṣẹ́ láti máa na irin gbígbóná di ọ̀pá sí, ìlú tó mọ irin ni, bí a tilẹ̀ ń kí i ní ìlú aró.

Lẹ́yìn èyí, ojú mánífóòdù. Ibí gan-an ni iṣẹ́ wà, ibí sì ni ọ̀pọ̀ ti ń sáré kọjá. Ẹ fi pákó tàbí irin bàbà ha ojú tọ́ọ̀pù. Ẹ má gbé ẹ̀rọ ìlọ̀ lé e, áluminíọ̀mù yóò jẹ wọlé, kò sí gásíkẹ́ẹ̀tì tó lè dí kòtò tí ẹ fọwọ́ ara yín gbẹ́. Bí ọkọ̀ bá ti pẹ́ gan-an, gásíkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ lè ní ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì nínú: ẹ fi omi rin ín kí ẹ tó ha á, ẹ má fi kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ fẹ́ eruku rẹ̀ sínú ihò imú yín. Ẹ wá mú irin tó gún régé, kì í ṣe rúlà ọmọ ilé ìwé, ẹ gbé e lé ojú mánífóòdù láti ìparí dé ìparí, kí ẹ gbìyànjú láti ti fílà géèjì, irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń wọn àlàfo, kọjá lábẹ́ rẹ̀. Iye tí ìwé ọkọ̀ yín bá sọ ni kí ẹ tẹ̀lé. Ẹni tí kò ní ìwé, kó mú pépà tí wọ́n fi ń ṣe fọ́tókópì. Ọ̀kan nípọn tó ìdá kan nínú mẹ́wàá mílímítà. Bí pépà méjì tí ẹ tò léra bá kọjá lábẹ́ irin náà, tèmi ni pé kó lọ sójú ẹ̀rọ kí wọ́n fá a kó tẹ́. Ẹ sì wo àárín ihò sí ihò bóyá ó ti là. Ẹ fi gílóòbù wò ó, ẹ má fojú lásán wò ó.

Ẹnì kan bi mí léèrè níbí pé, "Ọ̀gá, bí ó bá là ńkọ́, ṣé wẹ́dà kò lè jó o?" Ó lè jó o, tó bá mọ̀ ọ́n. Kásìtì kò fẹ́ kánjúkánjú. Ẹ ní láti kọ́kọ́ fi iná mú un gbóná káríkárí, kí ẹ lo ọ̀pá ìjó oníníkẹ́ẹ̀lì, kí ẹ sì rì í sínú eérú tàbí yanrìn gbígbẹ kó rọra tutù títí di ọjọ́ kejì. Èyí tí wọ́n fi ọ̀pá lásán jó létí títì, tí wọ́n da omi sí lórí, yóò tún là lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n jó. Lọ́dọ̀ tèmi, bí tòkunbọ̀ tó dára bá wà, mo máa ń ra òun.

Gásíkẹ́ẹ̀tì titun wá kù. Àwọn tó ń fi òòlù gé gásíkẹ́ẹ̀tì létí ọ̀nà ń ṣiṣẹ́ ọwọ́ tó dára, mo ti ra tiwọn rí fún káńbúrétọ̀ àti fún pọ́ǹpù omi, mo sì tún lè rà á lọ́la. Ṣùgbọ́n láàárín tọ́ọ̀pù àti tọ́bò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ra èyí tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ náà. Ẹ wo apá tó kọjú síta. Lórí àwọn Volvo àtijọ́, wọ́n kọ UT sí i; èdè Sweden ni, "ìta" ló túmọ̀ sí. Mo ti bá èyí tí UT rẹ̀ kọjú sínú pàdé.

Góòmù: ẹ má fi sí i. Mo mọ̀ pé ó dùn mọ́ yín. Góòmù tó bá gbẹ lójú mánífóòdù yóò já, èéfín yóò gbé e, fáànù tó ń yí ju ìgbà 100,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan ló sì máa bá pàdé. Ẹ̀rún kékeré bí èèpo ẹ̀gúsí lè bu eyín rẹ̀.

Sítọ́ọ̀dù titun, nọ́ọ̀tì titun tí wọ́n fi bàbà kùn, èyí tí wọ́n ṣe fún ooru. Ẹ fi gírísì bàbà díẹ̀ pa ẹsẹ̀ rẹ̀, kí ẹni tó máa tú u lọ́dún mẹ́wàá òní lè gbàdúrà fún yín. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti àárín, kí ẹ máa lọ sí ìparí, ẹ̀ẹ̀mẹta: ẹ kọ́kọ́ kàn án, ẹ tún un fún díẹ̀, ẹ wá fún un dé ibi tó yẹ. Fún ọ̀pọ̀ sítọ́ọ̀dù M8, èyí tó nípọn ní mílímítà mẹ́jọ, iye tí ìwé ń sọ kì í jìnnà sí 25 Nm; Nm ni wọ́n fi ń wọn agbára tí a fi ń yí nọ́ọ̀tì. Ẹni tí kò ní ráńsì tó ń ka agbára, ẹ gbọ́ ọgbọ́n yìí: ẹ mú sípánà tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 25, kó dùbúlẹ̀ gbọọrọ; kẹ́ẹ̀gì omi lítà mẹ́wàá tó bá rọ̀ lórí rẹ̀ ni 25 Nm. Ẹ dán an wò lórí bẹ́ǹṣì títí ọwọ́ yín yóò fi mọ̀ ọ́n. Ẹnu yóò yà yín pé kò tó bí ẹ ṣe máa ń fún un.

Kí ẹ sì dá gbogbo apá irin padà. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, lọ́dún tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fúrídọ̀ọ̀mù, mo tú tọ́bò ọkọ̀ Jámánì kan, mo tò ó tán, apá irin kan ṣẹ́kù lórí ilẹ̀ pẹ̀lú bóòtì méjì. Mo wò ó, mo ní kò ṣe nǹkan, mo jù ú sẹ́yìn ilé. Òun ló gbé tọ́bò dúró látìsàlẹ̀. Kò pé oṣù mẹ́rin, mánífóòdù là láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, nítorí gbogbo ẹrù tọ́bò rọ̀ mọ́ ọn bí ọmọ tó dì mọ́ ìyá rẹ̀ lọ́rùn. Owó mi ni mo fi ra òmíràn. Awo ooru náà, ẹ dá a padà. Lásìkò òjò, omi kòtò tó bá ta sára kásìtì tó pọ́n, ẹ mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ sí ìkòkò gbígbóná.

Kí ẹ tó tan án, ẹ da ọ́ìlì mímọ́ díẹ̀ sẹ́nu ibi tí ọ́ìlì ń gbà wọ tọ́bò. Wọ́ṣà bàbà titun ni kí ẹ fi sí ẹnu páípù rẹ̀. Ẹ yọ fíúsì pọ́ǹpù pẹtiróòlù, ẹ sitáàtì rẹ̀ ní ìgbà díẹ̀ láìjẹ́ kó jí, títí iná ọ́ìlì yóò fi kú. Ẹ dá fíúsì padà, ẹ tan án, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀ láìtẹ̀ ẹ́. Yóò rú èéfín díẹ̀. Epo ọwọ́ yín àti epo ìpáta ló ń jó, ẹ má sá. Ẹ wo bóyá ọ́ìlì tàbí omi ń jò. Lẹ́yìn náà kí ẹ gbé e rìn. Tí ẹ bá gun òkè dé, ẹ má pa á lójijì. Ẹ jẹ́ kó sinmi fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì, torí ọ́ìlì tó bá dúró nínú tọ́bò tó gbóná yóò gan di èédú.

Ìyá kan tó ń wa ọkọ̀ fúnra rẹ̀ lọ sọ́jà Ìkìrun béèrè pé, ṣé ọkọ̀ tó ń jò lè rìn títí di ìgbà tí owó bá wá. Mo dá wọn lóhùn pé, "Mà á, bí kò bá sí òórùn nínú ọkọ̀, tí kò sì sí wáyà tàbí hóòsì tó ń jó níbi tí ó ti ń jò, ẹ lè rọra máa wà á, ẹ má tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ṣe ń pẹ́ sí i, iná ń gbẹ́ ojú tọ́ọ̀pù, owó gásíkẹ́ẹ̀tì yóò di owó tọ́ọ̀pù." Wọ́n ní àwọn gbọ́. Wọ́n ní kí n wá wo tiwọn lọ́jọ́ Ajé.

Ọ̀gbẹ́ni Òkè-Fíà kò gbà mí gbọ́ nígbà tí mo ní ó ti tán. Mi ò bá a wí. Àwọn méjì ti sọ ọ́ fún un ṣáájú mi. Mo ní kó fi ọkọ̀ sùn lọ́dọ̀ mi, kó wá tan án fúnra rẹ̀ nígbà tó bá tutù. Aago mẹ́fà kò tíì lù tó fi dé. A ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó tan án, a dúró. A gbọ́ àkùkọ, a gbọ́ ọlọ́kadà tó ń kọjá lójú títì. Ó tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ó tún tẹ̀ ẹ́. Ó bọ́ sílẹ̀, ó gbé etí sún mọ́ sìlíńdà kẹrin. Ó ní kí n fún òun ní gásíkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ náà kí òun lọ fi han ẹni tó lẹ nọ́ọ̀tì. Mo ní kó dúró ná, mo fẹ́ mú un wá síbí.